Ara Bánkọ́lé Kò Tíì Yá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Owó gbà-má-bínú ni owó tí òfin ní kí ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn léṣe san fún ẹni náà. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú, kì í sì í ṣe ẹ̀bùn. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fara pa ni owó náà ń rọ́pò: iṣẹ́ tí kò lè ṣe mọ́, oògùn tí yóò máa lò, ẹni tí yóò máa gbé e dìde títí ayé rẹ̀. Kò kan bóyá inú ń bí i tàbí inú ò bí i. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá ti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó yọ gíláàsì kékeré tí ẹ fi ń wo inú aago kúrò lójú, ẹ ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo kọ́ bí ẹni pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn alààyè. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ní já lu ọ̀rọ̀ mi.

Bánkọ́lé, àbíkẹ́yìn yín, kò lè rìn mọ́. Ọdún kẹta rèé. Ilé iṣẹ́ pákó kan lójú ọ̀nà Ekenwan ló gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ṣéènì tí wọ́n fi ń gbé igi ńláńlá sókè ti dógùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ títí, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó já, ẹ̀yìn Bánkọ́lé ni igi bà sí.

Okùn kan wà nínú eegun ẹ̀yìn tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí ẹsẹ̀, tó sì ń gbé èsì padà. Òun ló bàjẹ́. Ẹsẹ̀ Bánkọ́lé ò ṣẹ́. Ìròyìn ni kò dé ibẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ pàápàá, kò mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Bí ó bá jókòó lójú kan pẹ́ jù, ara rẹ̀ á di egbò, kò sì ní mọ̀. Irú egbò bẹ́ẹ̀ ń pa èèyàn. Mo ti rí i ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe dókítà. Ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù nìyẹn: bóyá yóò ní bẹ́ẹ̀dì tó yẹ àti ẹni tó mọṣẹ́ tí yóò máa yí i padà, àbí Màmá ni yóò máa dá a ṣe títí agbára rẹ̀ fi máa tán.

Ilé iṣẹ́ náà rán dókítà tiwọn wá sílé ní Ogida láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wà níbi iṣẹ́ tèmi. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọkùnrin náà nílẹ̀ Edo níbí, Bàbá, ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, Màmá gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó wá béèrè pé, "Ẹ kú ìtọ́jú o, Mà. Báwo ni ara aláìsàn wa?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ara ti yá. Ó ń jẹun dáadáa."

Ó yíjú sí Bánkọ́lé. "Bros, how body?"

Ọmọ yín bú sẹ́rìn-ín. "Doctor, body dey inside cloth. We thank God."

Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mu ohun mímu rẹ̀ tán, ó lọ. Ohun tó kọ ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀tù ni pé aláìsàn àti ìyá rẹ̀ fi ẹnu ara wọn sọ pé ara ti yá, pé ó ń jẹun dáadáa, pé ó lè máa jókòó ṣiṣẹ́.

Lọ́yà wa, Isoken, obìnrin Edo tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Siluko Road, ló ka ìwé náà sí mi létí. "Doctor, na your mama talk this one? With her own mouth?" Mo ní òun ni, pé kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní, "Abeg, explain am give judge. No be me." Èmi kọ́ sì ni yóò ṣàlàyé fún adájọ́. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ nípa eegun ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n Bánkọ́lé ni mo jẹ́ lójú kọ́ọ̀tù, wọ́n á ní ojú ìfẹ́ ni mo fi wò ó.

Mo pariwo nígbà tí mo délé. Ẹ má bínú.

"Màmá, ẹ sọ pé ara ti yá!"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n máa fi ẹnu mi ka àìsàn lé ọmọ mi lórí níwájú àlejò?"

"Dókítà ni, kì í ṣe àlejò."

"Dókítà tí ìdí rẹ̀ kò tíì kan àga dáadáa, kí n ti máa ka ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ fún un? Ṣé bí a ṣe kọ́ ẹ nílé yìí nìyẹn?"

Bánkọ́lé ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Sister mi, you self, if person greet you, you go open file?"

Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday tí mo fi ń pè yín láti Ìbàdàn, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo máa ń béèrè pé báwo ni ara, ẹ ó ní ara le koko, ẹ ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Àyà ti ń dùn yín nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Màmá sọ fún mi pé ẹ máa ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tán, pé ẹ ó máa ṣe bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Èmi tí mo ń bi ẹni tí mi ò rí rí ní ogún ìbéèrè, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi yín, èyí tí gbogbo ayé mọ ìdáhùn rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé màá pa iṣẹ́ tì wá sílé ni? Màá pa á tì lóòótọ́. Ṣé ohun tí ẹ ń sá fún nìyẹn?

Isoken ní Bánkọ́lé yóò jẹ́rìí, lọ́yà ilé iṣẹ́ yóò sì bi í lọ́rọ̀ lórí ìwé dókítà náà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe ìdánrawò. Èmi ni mo ń ṣe bí lọ́yà ilé iṣẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, báwo ni ara?"

"Fine, thank you."

"Bánkọ́lé!"

"Sorry. E dey pain me small."

"Small?"

Màmá dáhùn láti ilé ìdáná: "Kò ní dùn ún, lórúkọ Jésù!"

Ó kù díẹ̀ kí n jáde lọ gun ọ̀kadà, kí n má padà wá. Ìgbà tí mo jókòó sẹ́yìnkùlé ni mo wá rí i pé èmi ni mo ń ṣi í béèrè. Ní wọ́ọ̀dù, n kì í bi aláìsàn pé báwo ni ara. Mo padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Láti ìgbà tí o ti jí lónìí, kí lo ṣe, ta ló sì bá ọ ṣe é?"

Ó sọ ọ́. Màmá ló yí i. Màmá ló pààrọ̀ ọ̀rá ìtọ̀. Ìròyìn rédíò bẹ̀rẹ̀, ó parí, òun àti ṣòkòtò ṣì ń jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíì gbígbóná dà sí i nítan, ó ń bá àlejò ṣàwàdà lọ. Ìgbà tí Màmá ń wẹ̀ ẹ́ ló rí i pé ara ti bó. "I no tell you, because you go shout." Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé lórúkọ Jésù.

Lọ́jọ́ Wednesday, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gun àtẹ̀gùn kọ́ọ̀tù, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Lọ́yà ilé iṣẹ́ wò wọ́n bí wọ́n ṣe gbé e wọlé. Ó dìde, ó ní, "Good morning, sir. How are you today?"

"I am fine, sir."

Mo fọwọ́ bo ojú. Lọ́yà náà yíjú sí adájọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní ohun tó sọ fún dókítà náà nìyẹn. Ìgbà náà ni Màmá fọhùn níwájú mi, "Bánkọ́lé, sọ fún wọn." Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní kó dákẹ́.

"My Lord," Bánkọ́lé ní, "that one na greeting. If my Lord ask me wetin I do this morning, I go talk am."

Adájọ́ gbé ojú sókè. Ó béèrè. Bánkọ́lé sọ ọ́, títí kan ìtọ̀, títí kan ìgbẹ́, níwájú àwọn ará ìjọ tó bá wa lọ. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni adájọ́ ní kó rọra, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò tíì parí o. Adájọ́ ní òun kò ní fi ìkíni ṣe ẹ̀rí, kí dókítà mìíràn tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n tún sún un! Isoken ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé a ti borí. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò, Bánkọ́lé kọ ojú sí fèrèsé. "Everybody don hear am now," ló sọ.

Dókítà tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Monday. Ibi iṣẹ́ ni màá wà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ńlá fún Màmá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: Ẹ kí i, ẹ fún un ní omi. Bí ó bá ní báwo ni ara, ẹ ní kó jókòó ná. Ẹ wá ka gbogbo ohun tí Bánkọ́lé kò lè dá ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́ fún dókítà náà, ta ló ń bá a ṣe é, àti bó ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ ṣí ibi tó bó hàn án. Ẹ rí i pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dìde, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan títí Isoken yóò fi kà á.

Èmi ọmọ yín, tí inú ṣì ń bí sí yín díẹ̀, tí ìfẹ́ yín kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.