Orúkọ Tí Ẹ Fún Àwọn Ìbejì

Màmá mi àtàtà,

Ara mi le, Ìgbògbò ni mo ṣì ń gbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ máa ń bínú sí, pé kì í jẹ́ kí n jẹun lásìkò, òun náà ni mo ṣì ń ṣe. Mo ṣì ń pẹ́ jẹun, ẹ má bínú.

Kóòdù kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, ni wọ́n gbé fún mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ẹ̀rọ iná sólà ló wà, òun ló ń jí ẹ̀rọ náà kí ohunkóhun mìíràn tó ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà lásán ló kún inú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì ti kó lọ sókè òkun. Wọ́n ní kí n fún àwọn nọ́ńbà náà lórúkọ: kí n kọ orúkọ àti iye rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, kí n máa pe orúkọ náà níbi tó kù. Tí mo bá bà á jẹ́, ẹ̀rọ àwọn oníbàárà ò ní jí mọ́, iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní ilé-iṣẹ́ sólà yìí náà sì lọ nìyẹn.

Nọ́ńbà kan náà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, wà níbi méjì. Ojú ń kán mi, mo ti fẹ́ fún méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo, ni mo bá rántí Akọ̀wé àti Afínjú.

Àwọn àbúrò bàbá mi, ìbejì tí ìyá tó bí wọn gan-an máa ń ṣì pè! Nígbà tí ẹ wọlé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ kékeré ni wọ́n, síbẹ̀ ọkọ yín ni wọ́n, ẹ ò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Ẹ wo ìṣe wọn. Èyí tí kì í gbé ìwé sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Èyí tí kì í wọlé láìfọ ẹsẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní Afínjú. Ẹ ò ṣì wọ́n pè rí. Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀ láti ẹ̀yìn? Ó dùn mí pé mi ò bi yín.

Mo bá wo ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ọ̀kan ni iye iṣẹ́ tó lè tò sórí ìlà de ẹ̀rọ. Ìkejì ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ máa gbìyànjú kó tó pa ara rẹ̀. Ká ní orúkọ kan ni mo fún wọn, ẹni tó bá yí ọ̀kan padà ti yí ìkejì padà láìmọ̀. Mo fún wọn lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ jí. Ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbà á. Ayọ̀ mi pọ̀ débi pé mo ti mú fóònù láti pè yín kí n tó rántí.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí kò mọ̀ mí rí máa dín ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjèèjì kù, ìkejì ò ní bà jẹ́. Á kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni, kò ní mọ̀ pé ìyàwó ilé kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá a dúpẹ́, Màmá mi. Ẹ ṣé gan-an.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.