Àmì Mẹ́sàn-án Tí A Yọ Lára Pátákó Wa Nítorí Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Yín

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń gbeni? Ibi tí kò bá ti gbè ẹ́, Ọlọ́run á gbè ẹ́ níbẹ̀. Àwa níbí ń bẹ láyọ̀, pàápàá èmi ìyá rẹ, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó ni ẹnu mi ò ti pa dé mọ́, mò ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò, mò ń rẹ́rìn-ín sí ìgbálẹ̀, àní lánàá mo rẹ́rìn-ín sí adìẹ aládùúgbò tó da àgbàdo mi nù. Àbúrò mi ní ojú ń ti òun láti bá mi rìn, ó ní ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n kì í rìn bí ẹni ń jó. Mo ní kó lọ wá ọkọ tirẹ̀ ná, kó tó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀rín ni mo ṣe jókòó kọ̀wé yìí. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi débi pé bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, màá dìde dúró, bí mo bá tún rántí ọkọ mi, màá jókòó, bí mo sì ṣe ń dìde tí mò ń jókòó láti àárọ̀ nìyí, ẹ̀yìn ti ń ro mí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló bẹ̀rẹ̀. O ti ní o ò ní lè wá nítorí pé nǹkan ò rọgbọ níbi tí o ti ń fọ jẹ́sì, mo sì ti bínú sí ẹ, mo ní kí ni ṣòkòtò pénpé fi ju ìyá ẹni lọ. Ìwọ tí mo máa ń fi igi yọ ṣòkòtò rẹ lábẹ́ ibùsùn, ìwọ náà lo wá di afọṣọ fún odindi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù! Bí a ṣe ń jáde wá, tí àwọn èèyàn ń kí wa, ni rédíò onígbàjámọ̀ pariwo láti òdìkejì òpópónà pé ẹgbẹ́ náà ti dojú dé, pé gbèsè ti bò ó mọ́lẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń kó ẹrù wọn, bí kò bá sì rí èèyàn mọ́kànlá kó sórí pápá ní Sátidé tó ń bọ̀, líìgì á yọ ọ́ dànù. Ọkọ mi dúró gbagidi. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú tèmi tutù bí omi àmù. Mo rò pé ó ti kábàámọ̀. Mo rọra sọ fún un létí pé bí ìgbéyàwó bá ń bà á lẹ́rù, kó tètè sọ, kí n tó bọ́ bàtà. Ó wò mí, omi ti lé ròrò sí i lójú, ó ní ẹgbẹ́ wọn ti lọ. Ọmọ mi, mo yọ̀! Mo yọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rántí ohun tí ẹgbẹ́ yẹn jẹ́ fún wa, ni inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Torí o mọ ọkọ mi, ṣùgbọ́n o ò mọ bó ṣe di ọkọ mi. O mọ̀ ọ́n sí aránbàtà ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, tó ń rán bọ́ọ̀lù tó bá ya, tó tún ń ṣe rẹfirí, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Kò-sí-góòlù nítorí pé bọ́ọ̀lù tó bá wọlé kì í tètè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbà tí mo wá kí ẹ lọ́jọ́sí, tí o ní kí n dúró lójú fèrèsé yàrá ìfọṣọ, níbi tí ooru omi ti máa ń bo gíláàsì, tí o fi apá aṣọ rẹ nù ún kí n lè rí pápá, ìgbà yẹn gan-an ni. Mo padà délé, mo gbé bàtà lọ fún un kó bá mi rán an, mo ní mo ti rí pápá yín o. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní báwo ni koríko rẹ̀ ṣe rí. Mo ní ó tutù yọ̀yọ̀. Ó ní yọ̀yọ̀ bíi kí ni. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ẹgbẹ́ yẹn lórí rédíò, kò sì fojú kan ibẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbé bàtà mìíràn lọ, ó bi mí nípa ìlà funfun àárín. Mò ń gbé bàtà lọ títí gbogbo bàtà mi fi rán tán, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi já wọn kí n lè rí nǹkan gbé lọ. Nígbà tí a fi máa sọ dé igun tí wọ́n ti máa ń ta kọ́nà, ó ní òun fẹ́ máa wo ibi tí mo bá ń wò títí ayé. Ṣé o rí i báyìí? Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yín ni alárenà wa. Ta ló máa rí alárenà rẹ̀ tí wọ́n ń pa tí inú ò ní bí i?

Onígbàjámọ̀ ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní olówó tó ra ẹgbẹ́ náà ò mú owó wá láti ilé. Ńṣe ló yá owó, ó fi ra ẹgbẹ́, ó wá ní kí ẹgbẹ́ máa san owó tí òun fi rà á. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ṣé o ti rí kí èèyàn ra màlúù láwìn, kó wá ní kí màlúù lọ ṣiṣẹ́ wá san owó orí ara rẹ̀, kó sì tún máa fún wàrà rẹ̀ mu? Nígbà tí màlúù sì ṣubú, ó ní ọ̀lẹ ni màlúù!

Wọ́n tún ní wọ́n ti ta aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà. Mo dìde. Mo ní wọ́n ta kí ni? Ọmọ ẹlòmíràn, tó ní ìyá tó bí i? Ọkọ mi fà mí jókòó, ó ní ẹsẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n máa ń tà, orí wọn ṣì jẹ́ tiwọn. Mo ní ṣé aṣọ́lé kì í ṣe ọwọ́ ló fi ń mú bọ́ọ̀lù, kí ni wọ́n wá tà gan-an? Jọ̀ọ́, bí wọ́n bá dé yàrá ìfọṣọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tà ẹ́, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ò fọwọ́ sí i, bí wọ́n bá sì taku, kí wọ́n má tà ẹ́ lówó pọ́ọ́kú.

Wọ́n ní ilé ẹjọ́ ti yan alábòójútó fún ẹgbẹ́. Mo ní ìyẹn dáa, aláìsàn yẹ kó rí ẹni bu omi fún un. Àṣé iṣẹ́ tí alábòójútó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lé àwọn tó ń dáná, ó lé ẹni tó ń gé koríko, ó ní àwọn afọṣọ ló kàn. Irú ìtọ́jú wo nìyẹn? Mo ní kí n bá wọn sọ ọ́ bí àgbà. A pe nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó kí mi káàbọ̀. Mo kí i, mo ní èmi ni ìyá ọmọ tó ń fọ jẹ́sì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Dípò kó kí mi kú oríire, ó ní bí mo bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n tẹ ení, bí mo bá fẹ́ ra jẹ́sì kí n tẹ èjì. Mo ní mi ò ra nǹkan kan, ẹjọ́ ni mo wá rò. Ó ní òun mọ rírì sùúrù mi. Mo ní mi ò ní sùúrù kankan. Ó tún ní òun mọ rírì sùúrù mi, ó wá ń lu orin sí mi létí títí owó fi tán lórí fóònù. Bí o bá pàdé rẹ̀, kí i fún mi, ó níwà, àmọ́ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀.

Èyí tó wá dùn mí wọra ni ti àmì. Wọ́n ní nítorí pé ẹgbẹ́ jẹ gbèsè, líìgì ti yọ àmì mẹ́sàn-án nínú èyí tó ti fi bọ́ọ̀lù gbígbá kó jọ. Ẹni tí ebi ń pa, ẹ tún gba àwo ọwọ́ rẹ̀! O rántí pátákó tí káfíńtà, balógun ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù abúlé wa, gbé sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tó jẹ́ pé ìdérí ìgò kan tí a bá kàn mọ́ ọn ni àmì kan. O sì rántí ọdún tí omi ya wọ abúlé òdìkejì odò tí wọn ò lè jáde gbá bọ́ọ̀lù, tí a yọ ìdérí mẹ́ta lára tiwa, tí a kàn án mọ́ tiwọn. Ta ló kú níbẹ̀? Ni ọkọ mi bá fọn fèrè, ó pe gbogbo èèyàn sídìí pátákó, ó ní kí a yọ mẹ́sàn-án lára tiwa fún ẹgbẹ́ yín.

Àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Káfíńtà ní ọdún yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní, bí mẹ́sàn-án bá kúrò, ará òdìkejì odò ló máa gbé ife lọ. Onígbàjámọ̀ ní kí a fún wọn ní mẹ́ta, kí wọ́n ṣáà rí i pé a gbìyànjú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ẹ wo Kò-sí-góòlù, ẹni tí kò fún wa ní góòlù rí, òun ló fẹ́ máa fi àmì wa ṣe sàárà! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ṣí fìlà. Ó ní òun kì í fún wọn ní góòlù tí kò mọ́ nítorí òun fẹ́ kí èyí tó bá wọlé níyì ni. Ó ní bí líìgì bá jẹ́ kí gbèsè pa ẹgbẹ́ tó tóbi tó báyìí, a jẹ́ pé yóò máa pa wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí yóò fi ku ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí yóò máa dá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ta ni yóò wá bá a ṣeré? Káfíńtà bá sún mọ́ pátákó. Ó yí òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó, ìdérí ń ké bí eyín tó ń kúrò lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ ìkẹsàn-án.

Ìdérí náà ló wà nínú aṣọ tí awakọ̀ fi lé ẹ lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Má fi rán ẹnikẹ́ni o. Gbé e fún alábòójútó fúnra rẹ, kà á lójú rẹ̀, kí o ní ó ti pé, kó kàn án padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Káfíńtà tún ní bí wọn ò bá rí èèyàn mọ́kànlá ní Sátidé, àwọn ń bẹ nílẹ̀, kí n kàn bi ẹ́ bóyá dandan ni bàtà.

Ní ti pé o ò wá síbi ìgbéyàwó wa, mo ti fi jì ẹ́. Ọkọ mi ló bẹ̀ mí. Ó ní bí gbogbo wọn bá kó ẹrù lọ tán, tí ó ku ẹnì kan tó ń fọ jẹ́sì tí kò tíì mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ẹni yẹn ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá o ti gba òun ní bàbá, ṣùgbọ́n òun ti gbà ẹ́ lọ́mọ.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ti èèyàn méjì, àlọ nìkan, àbọ̀ á gba ibi tó bá gbà. Mo mọ̀ pé wọn ò tíì san owó oṣù rẹ, ṣùgbọ́n yá a lọ́wọ́ ẹnì kan, kó má ṣáà jẹ́ lọ́wọ́ olówó yẹn, kó má lọ ní kí èmi náà máa san owó orí mi. A fẹ́ dúró lójú fèrèsé rẹ kí Sátidé tó pé. Ojú mi ni ọkọ mi fi ń rí koríko yẹn. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa kó tó débẹ̀, a jẹ́ pé títí ayé ni màá máa sọ bó ṣe rí fún un, màá sì gbádùn rẹ̀ o, àmọ́ kò tọ́.

O ò ní fọ aṣọ tí kò ní rí ẹni wọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń yọ ti ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa kàn kún tìrẹ. Ìwọ náà yóò rí ẹni tí yóò máa bi ẹ́ bí koríko ṣe rí.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó Kò-sí-góòlù.

Ọkọ mi ní kí n fi èyí kún un: bí alábòójútó bá kọ ìdérí náà, má dá wọn padà wálé. Kàn wọ́n mọ́ ògiri yàrá ìfọṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní ẹgbẹ́ tó bá ṣì ní àmì lára ògiri, tó sì ní ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀, rẹfirí ò tíì fọn fèrè ìparí fún un.