Ipò Kẹrin Ni Mo Ń Bẹ Ọlọ́run Fún

Olóòtú wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ aráyé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìlú wa ní Ohio, ní Amẹ́ríkà níbí.

Ìwé ìbí Maren, ọmọ mi, sọ pé ọkùnrin ni. Láti kékeré ló ti ń sọ pé ọmọbìnrin lòun, àwọn obìnrin ló sì ń bá sáré ìje nílé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwé yẹn, mo gbé: wọn ò ní jẹ́ kó sáré mọ́. Àwọn mẹ́ta tó bá ṣáájú ni ìwé ìròyìn ìlú ń gbé fọ́tò wọn jáde, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀.

Ní Sátidé, bí eré ìje ṣe ń lọ lọ́wọ́, ó wà ní ipò kejì. Ìyá kan rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ẹ wo ẹsẹ̀ bíi ti ọkùnrin!"

Mi ò mọ̀gbà tí mo fi kígbe: "Maren, rọra!"

Ó gbọ́, ó sì dẹwọ́ eré. Ẹni méjì kọjá lára rẹ̀.

Nínú mọ́tò, ó bi mí pé: "Mọ́mì, ṣé mo rọra tó?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún un?