Lag Plot Tú Àṣírí Àǹtí Mi, Ẹnu Mi Ò sì Gbà Á

Ẹ dákun, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àǹtí mi náà máa ń ka page yìí. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Inú yàrá wọn ní Mafoluku ni mò ń gbé, àwọn náà ló bá mi wáṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkóògùnpamọ́sí kan ní Àjàó Estate. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní wákàtí wákàtí, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ á wọ yàrá òtútù, á wo temperature, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Mo ń kọ́ data analysis lórí fóònù, ni mo bá fi nọ́ńbà wa dánra wò, mo ya lag plot. Kò le rárá... ẹ máa mú nọ́ńbà wákàtí kan, ẹ mú ti wákàtí tó tẹ̀ lé e, ẹ fi àmì síbi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. Òtútù kì í ṣàdédé fò, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa fẹ́ẹ̀ẹ́ wà, torí náà àmì gbogbo wa tò gẹẹrẹ lórí ìlà kan. Ti àǹtí mi nìkan ló fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Wọn kì í wọ yàrá òtútù náà! Orí àga ni wọ́n ń jókòó sí tí wọ́n ń ro nọ́ńbà, wọ́n sì ń rí i pé kò jọra kí ẹnikẹ́ni má baà fura... ìyẹn gan-an ló tú wọn fó.

Ẹ má tíì bú wọn o. Sickler ni wọ́n. Tí òtútù bá kàn wọ́n báyìí, egungun á máa ro wọ́n, wọ́n á máa sunkún bí ọmọdé, èmi ni mo máa ń fomi gbóná tẹ̀ wọ́n lára. Ilé iṣẹ́ ò mọ̀. Tí ọ̀gá bá mọ̀, ó parí nìyẹn. Àmọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Tí yàrá yẹn bá ti gbóná rí lójú iṣẹ́ wọn ńkọ́? Ṣé màá máa wò ni?

Máníjà wa ti ní kí n wá fi lag plot yẹn han gbogbo èèyàn ní ìpàdé Mọ́ńdé. Àǹtí mi tí wọ́n rí i lórí fóònù mi, láìmọ ohun tó ń sọ, ni wọ́n lọ sọ fún un! Inú wọn dùn sí mi débi pé wọ́n ń pariwo mi kiri, wọ́n tiẹ̀ ti bẹ máníjà pé nọ́ńbà tàwọn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, aṣọ tí mo máa wọ̀ ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n ń kọrin. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ fún wọn?