Sí Latir, Tí Obìnrin Kan Ń Dá Mọ́lẹ̀ ní Dákà

Latir ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹ̀yìn ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé ọ pọ̀n mí kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn tìrẹ dá o. Àwa náà wà ńlé, bí mo bá ní àwa, èmi nìkan náà ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ìkòkò kékeré ni mo fi ń se kúskùs jéró, síbẹ̀ ó ń ṣẹ́kù.

Mosaan aládùúgbò wa fi fídíò tí o fi ránṣẹ́ hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Yéè, Latir! Ìwọ tó dá gbogbo géńdé Fatik níbí mọ́lẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló ń fi ẹ̀yìn rẹ balẹ̀ lórí ẹní, ó tún ń kà á sókè! Mo gbọ́ mẹ́wàá kí n tó dijú. Ta ni kò mọ̀ pé bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ìjàkadì ti parí? Mo bẹ Mosaan kó má fi han ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìtọ́jú ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tún ẹ̀yìn oníjàkadì ṣe kó lè padà sójú agbo. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ìwọ náà dá a lẹ́ẹ̀kan. Mo wá fọwọ́ pa ọ́ lẹ́yìn nínú fóònù náà kó lè tù ọ́, lo bá dúró gbagidi, o ò mira mọ́. Àfi ìgbà tí Mosaan tún fọwọ́ kan fóònù lo tó mira.

O tún ní wọ́n ní kí o fún ìrora rẹ ní máàkì, o wá fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ahun wo nìyẹn? Àwọn tó ń tọ́jú rẹ! Fún wọn ní mẹ́wàá, jàre.

O ní o ò ní wálé àfi bí o bá tó jà, kí ará ilé má fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ọdún méjì rèé, dókítà tún ní ó ku oṣù mẹ́jọ. Ta ni yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín? Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ tán, àwa arúgbó ló kù, kò sì sí ẹni tí ẹ̀yìn kì í ro nínú wa.

Lánàá mo tẹ́ ẹní, mo ṣe bí o ti ṣe, mo dùbúlẹ̀, mo gbé ìdí sókè. Kí n má purọ́, ó tù mí lára. Àmọ́ n ò lè dá dìde mọ́. Mo pe bàbá rẹ kí n tó rántí. Mo pe ìwọ náà. Ibẹ̀ ni mo wà títí Mosaan fi wá tọrọ ewé osè.

Owó iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ti tán lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹyọ kan lo lè ṣe nínú kí o fowó ránṣẹ́ àti kí o wálé, fi owó náà wọ mọ́tò. Má dúró kí ẹ̀yìn san kí o tó wá. Ọlọ́run á wò ọ́ sàn, á sì jẹ́ kí o bá mi láyé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tenin.