Opó, Kápítéènì, àti Ojú Bàámi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Adájọ́ tún ti dá ẹjọ́ lónìí. Adájọ́ ni mo ń pe bàbá mi nínú ìwé yìí — nínú ìwé yìí nìkan o, n ò tíì fẹ́ kú. Dókítà ojú ní awọ funfun tó bo ojú wọn méjèèjì ṣeé ṣí kúrò. Iṣẹ́ abẹ tí kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ fi falẹ̀ mọ́. Bí a bá fi falẹ̀, ojú òsì lè fọ́ pátápátá.

Aago ni Bàámi tún ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ojú àwọn kì í ṣe aago tí wọ́n ń ṣí ìdí ẹ̀. Pé aago tí àwọn ti ṣí láyé àwọn ò lóǹkà, ìgbà míì tí àwọn bá sì dì í padà tán, nọ́ọ̀tì kékeré kan á ṣẹ́ kù lórí tábìlì. "Ta ló fẹ́ mọ ibi tí nọ́ọ̀tì tèmi máa yí sí?" Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ìdí fèrèsé ni Bàámi wà látàárọ̀. Wọn ò ka nǹkan kan. Ẹni tí kì í jẹun tẹ́lẹ̀ láìsí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ṣọ́ọ̀bù ìdirí mi kún fọ́fọ́. Òfin mi ò yí padà: ẹni tó bá jókòó kí n dirí fún un gbọ́dọ̀ sọ ìwé tó ń kà lọ́wọ́ àti ibi tó kà á dé. Ẹni tó bá sọ bó ṣe parí, ìdajì orí ni n ó dì fún un, á gbé ìdajì yòókù lọ sílé. Wọ́n rò pé àwàdà ni, àfìgbà tí mo ṣe é fún ìyàwó àbúrò mi. Ìborùn ló fi bo orí délé.

Nínú àwọn oníbàárà mi, Nọ́ọ̀sì ń ka ìwé opó kan tí ẹbí ọkọ fẹ́ lé jáde nílé. Òjò ń rọ̀, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Awakọ̀ — obìnrin ni, takisí ló ń wà — ń ka ti kápítéènì kan tí ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ rì. Tíṣà Àgbà wà lábẹ́ dráyà tó ń gbẹ irun ẹ̀, ó ń ka ìwé bí kòkòrò oyin ṣe ń kọ́lé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Kò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ nínú ariwo dráyà, ló bá ń pariwo oyin lé gbogbo wa lórí.

Mo gbé ìtàn náà délé, nítorí pé n ò mọ ohun míì tí mo lè gbé wálé fún Bàámi. Ìgbà tí mo ń palẹ̀ abọ́ mọ́ ni wọ́n tó ní, "Opó yẹn, ta ló wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀?"

Mo ní kápítéènì ni, omi ń kán tótó lára ẹ̀.

Wọ́n yíjú kúrò lójú fèrèsé. Inú mi dùn débi pé mo fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

"Opó mi ńkọ́?" Ohun tí wọ́n fi ń kí mi káàbọ̀ nìyẹn báyìí. Kápítéènì ò tíì wù wọ́n. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òkun kì í jókòó sídìí ọbẹ̀ kó máa béèrè iyọ̀. Ẹjọ́ lọ́tùn-ún, ẹjọ́ lósì. Ẹ wo bàbá mi!

Mo tún fẹ̀sọ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kí n má ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ àwọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Yéè!

Mo bi Nọ́ọ̀sì pé kápítéènì ńkọ́. Ó ní kápítéènì wo? Pé kò sí ọkọ̀ ojú omi nínú ìwé òun, odò gan-an ò sí níbẹ̀. Lọ́yà ló kan ilẹ̀kùn opó, ó mú ìwé ilé wá. Ni Awakọ̀ bá fò dìde pẹ̀lú ìdajì irun tí n ò tíì dì: "Tèmi ni kápítéènì o! Kò tíì rí obìnrin kankan, orí àpáta ló ṣì wà, òun àti ewúrẹ́ kan!"

Dráyà ni. Dráyà àti oyin Tíṣà. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lápá òsì, mo ti so ìwé méjì pọ̀ ní tọkọtaya láìsí alárinà. A rẹ́rìn-ín títí Nọ́ọ̀sì fi di ikùn mú, ó ní ó ń dun òun. Tíṣà ní kí ló dé tí a ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ìyẹn tún dá kún un.

Ojú ọ̀nà ilé ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Adájọ́?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

N ò tíì sọ. Wọ́n ní àwọn ti dárí ji kápítéènì, kó máa fẹ́ opó lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀, tòun ti oyin.

Wọ́n wá ní, "Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé kò sẹ́nì kankan láyé yìí tó ń ka ìwé tèmi?"

"Kò sí, Bàámi."

Ẹ̀rín gbé wọn. Ẹ̀rín yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ látìgbà tí màámi ti kú. Wọ́n rín in di ikọ́, mo ń gbá wọn lẹ́yìn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà. Lọ yá ìwé méjèèjì wá. Èmi fúnra mi ni n ó tú wọn ká."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìwé méjèèjì dé. Awakọ̀ ò tíì ka tiẹ̀ tán, ó ní kí Bàbá kọ́kọ́ máa kà á. Bàámi gbé ti opó lọ sídìí fèrèsé, wọ́n fi awò kékeré tí wọ́n fi ń wo inú aago há ojú. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n tún ń gbé e jìnnà. Mo ń wò wọ́n látẹnu ọ̀nà ìdáná.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo dorí ìwé yìí kodò ni?"

Wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bá wọn yí i, mo padà sí ìdáná, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìdí oúnjẹ àárọ̀. Bí ẹni ń béèrè omi: "Ọjọ́ wo ni ọwọ́ dókítà yẹn dilẹ̀?"

N ò pariwo níwájú wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti lọ pa á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n ti ṣe ojú òsì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Awakọ̀ ló gbé wa lọ, tó gbé wa bọ̀, ó rọra ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí níta, ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ̀rọ̀ ìwé kankan rárá. Bí wọ́n ṣe ń gbé Bàámi jáde ni Bàámi ń bi dókítà pé ṣé nǹkan kan ò ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Dókítà ní kò ku nǹkan kan. Bàámi ní kó tún wò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àárọ̀ yìí ni dókítà ṣí báńdéèjì kúrò. Mo ti gbé ìwé méjèèjì lé Bàámi lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ìwé ni wọn ó kọ́kọ́ wá. Wọ́n wo ògiri. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n wá wò mí. Wọn ò gbójú kúrò.

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

"Ó ti pẹ́, Bàámi."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Wọ́n ní kí n tẹrí ba. Èmi tí mo ń fọwọ́ kan orí gbogbo ayé, n ò rántí ìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ kan tèmi kẹ́yìn. Wọ́n ń fi ìka ya irun mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé mi lágbọ̀n sókè. Wọ́n ní, "Ojú ìyá ẹ gan-an rèé." Ayọ̀ pọ̀ lára mi bí ẹni pé ara ò ní gbà á.

Dókítà wúkọ́ díẹ̀, àwọn ẹlòmíì wà níta. Mo nu ojú mi. Mo bi Bàámi pé ìwé wọn ńkọ́, ṣé wọn ò ní fojú kàn án ni.

Wọ́n gbé ìwé méjèèjì kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n kó wọn sílẹ̀.

"Ìyẹn á dúró. Jókòó síbi ìmọ́lẹ̀ yẹn kí n rí ẹ dáadáa."

Mo jókòó.