Abọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Padà Lófìfo: Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Indumati Khare

Ní Barman, létí odò Narmada, níbi tí ìkùukùu ti máa ń wọlé láràárọ̀ láìkan ilẹ̀kùn, ni wọ́n ti bí Màmá wa, Indumati Khare, ní oṣù kọkànlá ọdún 1944. Bàbá wọn, Baldev Prasad, jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá wọn, Ramkunwar, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí wọn kò lè rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni Màmá ti jí iṣẹ́ ìtàn kọ́.

Màmá kàwé dé kíláàsì kẹwàá. Ní ọdún 1963, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Girija Shankar Khare, akọ̀wé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Jabalpur, wọ́n sì wọ ilé kan ní ọ̀nà tóóró tí òrùlé pẹrẹsẹ gbogbo ilé ti fara kan ara wọn. Orí òrùlé yẹn, nínú oòrùn ìgbà òtútù, ni ayé Màmá wà. Àwọn obìnrin á máa bó ẹ̀wà tútù, wọ́n á máa hun súwẹ́tà, oorun á máa kùn wọ́n, ọ̀rọ̀ á máa lọ á máa bọ̀. Màmá á gbé bébà lé orúnkún, wọ́n á máa kọ.

Ìtàn kéékèèké ni wọ́n ń kọ, ní èdè Hindi, nípa àwọn èèyàn bíi tiwa: ọkùnrin tó ń tún agboòrùn ṣe, ìyàwó ilé tí kò jẹ oúnjẹ gbígbóná rí. Ìwé ìròyìn kan ní Delhi dá méje padà nínú àpò lẹ́tà tí Màmá fọwọ́ ara wọn kọ àdírẹ́sì sí. Ní ọdún 1971, ẹ̀kẹjọ kò padà. Ìwé márùn-ún ni wọ́n kọ lápapọ̀. Òfin kan ni Màmá ní: ẹni tí ìtàn bá jẹ mọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà á fún, onítọ̀hún sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ohun kan padà. Alágboòrùn ní kí wọ́n fún òun ní irun lórí. Wọ́n fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Màmá rú òfin yìí, a kò ní fi pamọ́. Aládùúgbò wa, Àǹtí Premvati Nema, máa ń wọ sárì tó dáa lọ́sàn-án, wọ́n á lọ jókòó ní tẹ́ṣàn, wọ́n á máa wo ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ, wọ́n á sì padà wá dáná alẹ́. Màmá nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ní ọdún 1988, ẹ̀rù ba Màmá pé Àǹtí kò ní gbà, wọ́n bá fi ìtàn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn láìkà á fún wọn. Àbúrò ọkọ Àǹtí rí i, ó kà á sókè nílé, ọkọ wọn sì ní wọn kò gbọdọ̀ dé tẹ́ṣàn mọ́.

Àǹtí dúró lórí òrùlé wọn, gbogbo wa gbọ́: “Jiji, ẹ̀gbọ́n ni mo pè yín o! Ohun kan péré tó jẹ́ tèmi láyé yìí, ẹ gbé e fún gbogbo ayé kà. Ẹ kú iṣẹ́!”

Abọ́ irin wọn kan, tí wọ́n fín orúkọ wọn sí nídìí, ṣì wà nílé wa nígbà náà, torí wọ́n ti fi kárọ́ọ̀tì dídùn ránṣẹ́ sí wa. Lọ́dọ̀ wa, a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá bu ìrẹsì oníwàrà sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí tí kò ṣí, títí ó fi tutù. Ọdún mẹ́tàlélógún ni abọ́ náà lò lórí pẹpẹ wa. Màmá ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé. Ashutosh, ọmọ Màmá, fi jẹun nígbà kan, ó gba ìfọ́tí.

Ní ìgbà òtútù ọdún 2011, lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, Àǹtí gun òrùlé wa pẹ̀lú ẹ̀wà tútù létí sárì. Wọ́n jókòó.

“Ẹ kà á fún mi.”

Màmá kà á. Lópin, obìnrin inú ìtàn náà padà lọ dáná. Àǹtí ń bó ẹ̀wà títí oòrùn fi kúrò lẹ́sẹ̀ wọn.

“Mo ní ohun kan láti yí padà, àbí?”

“O ní i, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

“Ẹ yéé jẹ́ kó lọ dáná, Jiji. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó wọkọ̀.”

Màmá sunkún, wọ́n sì yí i padà. Abọ́ náà lọ sílé ní kíkún lọ́jọ́ yẹn, kò sì yé lọ, kò yé bọ̀ láàárín ilé méjèèjì.

Màmá fẹ́ràn odò Narmada bí ìyá. Ṣùgbọ́n wọ́n bá Àǹtí ṣàdéhùn pé àwọn méjèèjì yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wẹ̀ ní Prayag, níbi tí odò mímọ́ méjì ti pàdé. Lọ́dún kan orúnkún ni, lọ́dún kejì ìdánwò ọmọọmọ, wọn kò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2019, Màmá ń bó ẹ̀wà tí Àǹtí gbé wá, abọ́ náà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n sùn lọ nínú oòrùn, wọn kò jí mọ́. Ó dùn wá gan-an.

Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, Sulekha tó kọ èyí àti Ashutosh, ọmọọmọ mẹ́rin, àtọmọdọ́mọ kan, àti àbúrò wọn, Premvati Nema.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa jẹun ọjọ́ kẹtàlá ikú Màmá lónìí, ẹ ṣeun. Lọ́la, a ó gbé díẹ̀ nínú eérú Màmá, tí a sun gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, lọ sí Prayag. Àǹtí ti fowó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ní àwọn fẹ́. A ti din búrẹ́dì pẹlẹbẹ kún abọ́ wọn, oúnjẹ ọ̀nà ni.

Màmá, obìnrin inú ìtàn yín fẹ́ wọkọ̀. Ẹ sùn re o.